Ta Ni Ó Ni Ohun tí Àlejò Rí?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ìrìn-àjò dé, mo sì rò pé ó yẹ kí n gbé e kalẹ̀ níwájú yín, kí ẹ̀yin náà lè bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀rọ̀ náà nìyí: bí ènìyàn bá lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìlú òkèèrè, tí ó bá a sùn nínú yàrá kan náà, tí ó rí bí ó ti ń jí àti bí ó ti ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, ta ni ó ni ohun tí ó rí wọ̀nyí? Ṣé ti àlejò ni, tí ó fi lè sọ ọ́ bí ó ti wù ú nígbà tí ó bá padà dé ilé? Ṣé ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, tí àlejò kò fi gbọdọ̀ la ẹnu sọ ọ́? Àbí ti àwọn ará ilé ni, àwọn tí wọ́n ń fi ìròyìn òkèèrè pinnu ohun tí wọn yóò ṣe sí ilé, sí ilẹ̀ àti sí ọmọ wọn?

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún àwa tí a ń gbé ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀. Pápákọ̀ òfurufú kò jìnnà sí wa. Àwọn ará Máfolúkú mọ ariwo ọkọ̀ òfurufú bí wọ́n ti mọ agogo ilé ìjọsìn. Ọmọdé tí kò ì tí ì rìn dé Abẹ́òkúta rí yóò na ìka sókè, yóò ní, "Ọkọ̀ Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn." Bí ẹnìkan bá sì ti ibẹ̀ dé, kì yóò tí ì tú ẹrù rẹ̀ tán tí àwọn ènìyàn yóò fi kún pálọ̀, wọn kò sì wá nítorí ẹ̀bùn nìkan, wọ́n wá láti gbọ́. Ohun tí ó bá sọ ní alẹ́ ọjọ́ náà, àwọn kan yóò gbé e lọ sùn, wọn yóò sì jí pẹ̀lú ìpinnu.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, mo gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì, mo sì lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ dàgbà ní Ìsọlọ̀, tí ó ń gbé ní Peckham, ní gúúsù ìlú Lọ́ńdọ̀nù, láti ọdún 2022. Èmi kì yóò dárúkọ rẹ̀, ẹ óò sì rí ìdí rẹ̀ bí ẹ bá kà á dé ìsàlẹ̀. Olùkọ́ ìṣirò ni níhìn-ín kí ó tó lọ, ó sì mọ iṣẹ́ náà dójú àmì. Aya rẹ̀ ti kú kí ó tó lọ. Ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni ó kù fún un nílé. Ìwé ni ó bá lọ, ó kà á yanjú, ó gba oyè ńlá nínú rẹ̀, ìjọba ibẹ̀ sì fún un ní ọdún méjì sí i láti fi ṣiṣẹ́. Ó bẹ̀ mí títí kí n wá. Nínú owó ọkọ̀ mi, òun ni ó san ìdajì. (Mo rántí ìdajì yìí lẹ́yìn náà, ó sì dùn mí.)

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ó gba àyè níbi iṣẹ́ nítorí mi. A rìn káàkiri bí ọmọ ọlọ́jà. A dúró lórí afárá Westminster, ó ya àwòrán mi pẹ̀lú ilé aago gíga náà lẹ́yìn mi. A lọ wo ààfin ọba, a lọ sí ilé ìjọsìn ńlá ti Pọ́ọ̀lù Mímọ́, ó sì mú mi dé Salisbury Square tí ó wà nítòsí rẹ̀, níbi tí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ CMS wà títí di ọdún 1966. Ẹ rò ó wò: orúkọ ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1799 ni àwọn kọ̀ńdọ́ Òṣòdì ń ké lójoojúmọ́, "CMS! CMS! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì!" Mo rẹ́rìn-ín níbẹ̀ títí àwọn tí ń kọjá fi ń wò mí. Gbogbo ohun tí mo rí ní ọjọ́ mẹ́ta náà ń dán, ọ̀rẹ́ mi pàápàá ń dán nínú kóòtù dúdú rẹ̀. Àwọn àgbà a máa wí pé àlejò ní ojú ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Èmi ń fi tèmi ríran. Ohun tí wọ́n gbé sí iwájú rẹ̀ nìkan ni ó ń rí.

Ní ọjọ́ kẹrin, àyè náà parí. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta ààbọ̀ òru, mo gbọ́ ìró kékeré nínú yàrá. Ọ̀rẹ́ mi ń wọ aṣọ nínú òkùnkùn. Kò tan iná, nítorí kò fẹ́ jí mi. Mo bi í pé níbo ni ó ń lọ. Ó ní, "Sùn jàre, iṣẹ́ ni." Mo ní n óò bá a lọ. Ó kọ̀, mo tẹnu mọ́ ọn, nígbẹ̀yìn ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ó dára, olùkọ́. Wọ kóòtù méjì."

Bọ́ọ̀sì nọ́ńbà 12 ni a wọ̀, èyí tí ń rìn tọ̀sán-tòru. Mo ti rò pé àwa nìkan ni a ó wà nínú rẹ̀ ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí a tó kọjá Camberwell àyè ìjókòó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àwọn obìnrin tí wọ́n dàgbà tó ìyá mi wà níbẹ̀, tí wọ́n wé gèlè kékeré sábẹ́ fìlà òtútù. Àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú wà níbẹ̀ tí wọ́n gbé àpò lé orí ẹsẹ̀, àti àwọn ará gúúsù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fi èdè Spéènì sọ̀rọ̀ ní ohùn kékeré. Ọ̀pọ̀ wọn sùn, wọ́n sì ń jí ní ibi tí wọn yóò ti sọ̀ gan-an, bí ẹni pé ẹnìkan fọwọ́ kàn wọ́n. A gba Walworth Road, a kọjá Elephant and Castle, a sì gun afárá Westminster, afárá kan náà tí mo ti dúró lé fún àwòrán. Omi odò Thames ń dán, iná ilé aago ń tàn. Mo yíjú sí ọ̀rẹ́ mi láti fi hàn án. Ó ti sùn, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Nínú gbogbo èrò inú bọ́ọ̀sì náà, kò sí ẹni tí ó wo odò bí kò ṣe èmi.

Ọkàn mi sì lọ sí Òṣòdì. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dúró níbẹ̀ ní aago mẹ́rin ààbọ̀ òwúrọ̀ mọ àwọn ènìyàn wọ̀nyí: àwọn tí ń lọ sí Marina, sí Ọbáléńdé àti sí Àjàh, tí wọn yóò ti gbálẹ̀, tí wọn yóò ti nu tábìlì kí ọ̀gá tó jí. Ibùdókọ̀ ńlá tí a ṣí ní ọdún 2019 dára, ṣùgbọ́n kò mú oorun kúrò lójú wọn. Ti Lọ́ńdọ̀nù kò ní ariwo, bọ́ọ̀sì wọn sì ń dé ní àkókò tí a kọ sára òpó. Oorun ojú wọn kò yàtọ̀.

Láti aago márùn-ún sí aago mẹ́jọ, ọ̀rẹ́ mi a máa gbá ọ́fíìsì kan, a sì máa fọ ilé ìyàgbẹ́ rẹ̀. Yóò padà wá sùn díẹ̀. Ní ọ̀sán yóò lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, kì í sì í dé kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá. Bẹ́ẹ̀ ni, nínú oṣù kọkànlá, oòrùn ibẹ̀ ti wọ̀ kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù. Níbẹ̀ ni ó ti ń wẹ àwọn arúgbó, tí ó ń fún wọn lóúnjẹ, tí ó ń yí wọn padà lórí ibùsùn. Ọ̀kan nínú àwọn arúgbó náà jẹ́ olùkọ́ ìṣirò nígbà ayé rẹ̀. Ní alẹ́, bí iṣẹ́ bá dẹwọ́, àwọn méjèèjì a máa ṣe ìṣirò pọ̀ lórí bébà. Nígbà tí ó ń sọ èyí fún mi ni mo rí ojú rẹ̀ bí ó ti máa ń rí nílé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti owó, nítorí níbẹ̀ ni ìṣìnà wa pọ̀ sí. Ní oṣù tí mo lọ, òfin ibẹ̀ fi owó iṣẹ́ tí ó kéré jù fún àgbàlagbà sí pọ́ùn 11.44 fún wákàtí kan, pọ́ùn kan sì ju 2,000 náírà lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi wákàtí mẹ́rin gbálẹ̀ níbẹ̀ ti gba ju 70,000 náírà lọ, èyí tí ìjọba wa fi lélẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2024 gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tí ó kéré jù ní Nàìjíríà. Èyí dùn ún gbọ́, òtítọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n àwa ará ilé a máa sọ owó tí ń wọlé di náírà, a kì í sì í sọ èyí tí ń jáde di náírà. Yàrá kan tí ọ̀rẹ́ mi ń gbé, tí ibùsùn rẹ̀ àti ìkòkò rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, pọ́ùn 750 ni lóṣooṣù: ẹ sọ ìyẹn náà di náírà, ó ju mílíọ̀nù kan ààbọ̀ lọ. Bọ́ọ̀sì kan ní ọdún 2024, pọ́ùn 1.75. Ìjọba yóò gba owó orí kí owó oṣù tó dé ọwọ́ rẹ̀. Iná tí ń mú yàrá gbóná, ó ń ra á ṣáájú bí a ti ń ra káàdì iná níhìn-ín, nítorí náà inú òtútù ni ó máa ń wà tí èmi kò bá sí níbẹ̀. Èyí ni mo mọ̀ nígbà tí onílé kejì ṣe àwàdà pé àlejò ti mú kí ilé gbóná. Nínú ìyókù ni ó ti ń fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ lóṣooṣù, kò sì tí ì jẹ́ kí oṣù kan kọjá.

Bí mo bá dúró níhìn-ín, n óò ti ṣe àìṣòdodo sí ìlú náà. Mo rí ayọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọjọ́ Sátidé a lọ sí Rye Lane, mo sì rò pé mo wà ní Ìsọlọ̀: iṣu, ẹ̀wà olóyin, pọ̀nmọ́, ata rodo, àti apẹran kan láti ilẹ̀ Éṣíà tí ó kí mi pé, "Ẹ káàsán, Bàbá," láìṣì í pè. Ilé ìkàwé wọn tí a ṣí ní ọdún 2000 kún fún ọmọdé, a kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Àwọn olùkọ́ Yunifásítì Roehampton ka ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú ní àgbègbè Southwark, tí Peckham wà nínú rẹ̀, wọ́n sì gbé iye rẹ̀ jáde ní ọdún 2013: ó jẹ́ 240. Ní ọjọ́ Ìsinmi mo rí àwọn obìnrin inú bọ́ọ̀sì òru nínú aṣọ funfun àti léèsì, wọ́n ń rìn bí ìyá ọba. Ṣùgbọ́n ní ibẹ̀ kan náà ni ọ̀rẹ́ mi ti fi ọ̀nà kan hàn mí tí Damilola Taylor gbà kúrò ní ilé ìkàwé, ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ó ti Èkó dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2000, tí a sì ṣá lọ́gbẹ́ ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá ọdún kan náà tí ó fi kú. Ọ̀rẹ́ mi kì í gba ọ̀nà náà ní alẹ́. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní alẹ́ tí ó kẹ́yìn, a di ẹrù mi tán, ó jókòó sórí àpótí náà kí ó lè pa dé. Ó ní, "Mo ní ohun kan tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́. Bí o bá dé ilé, má sọ ti gbígbálẹ̀ fún Màámi. Má sì sọ ti yàrá yìí. Wọ́n rò pé ọ́fíìsì ni mo wà." Mo ní, "Ọ́fíìsì ni o wà ní tòótọ́." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, mo sì ṣe ìlérí fún un. Mo ṣe ìlérí náà wẹ́rẹ́, bí ẹni tí ń gba ìfé omi lọ́wọ́ onílé.

Nígbà tí mo dé, mo lọ kí ìyá rẹ̀. Ilé kún. Mo fi àwòrán afárá hàn wọ́n, mo sọ ti ààfin, ti bọ́ọ̀sì tí ń dé ní àkókò, ti ilé ìkàwé. Mo pín ẹ̀bùn. (Kí n jẹ́wọ́ ohun kan: méjì nínú àwọn ṣẹ́ẹ̀tì tí mo pín, mo rà wọ́n ní ilé ìtajà aṣọ àlòkù tí a ń fi owó rẹ̀ ṣe àánú. Irú wọn ni a ń rí ra ní ọjà Aswani ní ọjọọ́jọ́ Túsìdeè, bóyá ní ẹ̀dínwó. Ṣùgbọ́n èyí ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀ nínú àpótí mi, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.) Ìyá náà bi mí pé, "Ọmọ mi ńkọ́? Ṣé ara rẹ̀ le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé?" Mo ní, "Ara rẹ̀ le, Màmá. Iṣẹ́ ń lọ." Nínú gbogbo ohun tí mo sọ ní ọjọ́ náà, kò sí irọ́ kan. Bí a bá fi ẹ̀sùn irọ́ kàn mí níwájú adájọ́, n óò borí.

Àwa tí a ń kọ́ni ní Ìwé Mímọ́ mọ ìtàn àwọn amí méjìlá tí Mósè rán lọ wo ilẹ̀ Kénáánì, tí wọ́n fi ọ̀pá ru ìdì èso àjàrà kan láàárín ènìyàn méjì. Mo ti fi ìtàn náà kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi fún ọ̀pọ̀ ọdún, ti àwọn mẹ́wàá tí wọ́n dẹ́rù ba àwọn ènìyàn ni mo sì máa ń bá wí. N kò ronú rí pé amí kan lè ṣẹ̀ lọ́nà kejì: pé kí ó gbé èso àjàrà wálé, kí ó jẹ́ kí gbogbo ènìyàn tọ́ ọ wò, kí ó má sì sọ ohunkóhun nípa odi ìlú. Irú amí bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ìtàn náà, ṣùgbọ́n ó ń gbé ní Òṣòdì.

Ní oṣù kejì ọdún 2025 ni mo gbọ́ pé àbúrò ọ̀rẹ́ mi ń wá ẹni tí yóò ra ṣọ́ọ̀bù méjì tí ó wà ní iwájú ilé wọn. Bàbá wọn ni ó kọ́ wọn. Nínú ọ̀kan ni ìyá wọn ti ń tajà. Owó ìyálé èkejì ni ó fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Éjẹ́ǹtì kan ti ṣe ìlérí ìwé iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọmọkùnrin náà, ó sì ní mílíọ̀nù mẹ́jọ náírà ni yóò ná an, pé aya rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ méjèèjì yóò bá a lọ. Nígbà tí mo pè é, ó mú bébà kan jáde. Ó ti ṣe ìṣirò rẹ̀: ogójì wákàtí lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó sọ ọ́ di náírà, ó ju mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ lọ lóṣooṣù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, nínú oṣù mẹ́ta mo ti dá owó ṣọ́ọ̀bù padà. Ẹ̀yin náà ṣáà sọ pé iṣẹ́ ń lọ fún Bọ̀ọ̀dá."

Ọ̀rọ̀ mi ni ó fi dá mi lóhùn. Mo sì mọ̀ láti ẹnu ọ̀rẹ́ mi pé láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2024 ni ìjọba ibẹ̀ ti fòfin dè é pé àwọn tí ń bọ̀ wá ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú kò gbọdọ̀ mú aya tàbí ọmọ wá pẹ̀lú wọn mọ́. Éjẹ́ǹtì náà ń ta ohun tí kò sí lọ́jà.

Mo sọ ti òfin yìí fún un lójú ẹsẹ̀, nítorí òfin kì í ṣe àṣírí ẹnikẹ́ni. Kò gbà mí gbọ́ tán. Ó wò mí bí a ti ń wo ẹni tí ó ti jẹun yó tí ó ń sọ fún ẹlòmíràn pé ọbẹ̀ náà kò dùn. Èyí ni ìṣòro àwọn tí wọ́n bá ti lọ tí wọ́n sì bọ̀: bí wọ́n bá sọ ti dídára, a ó sáré tẹ̀lé wọn, bí wọ́n bá sọ ti líle, a ó ní ìlara ni. Ohun kan ṣoṣo tí ì bá yí i lọ́kàn padà ni ohun tí mo rí nínú yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, èyí sì ni mo ti ṣe ìlérí pé n kò ní sọ.

Mo rò ó fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo bi àwọn àgbà méjì kan láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan ní kí n dákẹ́, pé gbogbo ohun tí ojú rí kọ́ ni ẹnu ń sọ, àti pé ẹni tí ó tú àṣírí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò ní rí ibùsùn sùn mọ́ níbikíbi. Èkejì ní kí n lọ sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Èmi kò lè gba ti ọ̀kan nínú wọn. Ti ẹni àkọ́kọ́ bọ̀wọ̀ fún ọ̀rẹ́ ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ọmọ ìyá rẹ̀ jìn sí kòtò. Ti ẹnì kejì yóò gba ṣọ́ọ̀bù là, ṣùgbọ́n yóò sọ àlejò di olè: ọ̀rẹ́ mi ṣí ilẹ̀kùn fún mi, ó sùn sílẹ̀ kí n lè sùn sórí ibùsùn, ó san ìdajì owó ọkọ̀ mi kí n lè wá rí òun, kì í ṣe kí n lè wá ròyìn òun.

Ìtàn Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ ni ó ràn mí lọ́wọ́ nígbẹ̀yìn. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, ó lọ kọ́ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tí a ń pè ní WASU, sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1925. Ní ìgbà náà, ọ̀pọ̀ onílé ní Lọ́ńdọ̀nù kì í gba aláwọ̀ dúdú sí ilé wọn. Ọmọ ọlọ́lá láti Èkó yóò kan ilẹ̀kùn títí alẹ́ yóò fi lẹ́. Èmi kò rò pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni ọmọ máa ń fẹ́ kọ sínú lẹ́tà sí bàbá rẹ̀. Ní ọdún 1929 Ṣólàńkẹ́ padà sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ó sì rìn láti ìlú dé ìlú títí di ọdún 1932, ó ń tọrọ owó fún ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa gbé. Ènìyàn kò lè tọrọ owó ilé láìsọ pé àwọn ọmọ kò rí ilé gbé. Ó sọ ọ́, wọ́n dáwó, a sì ṣí ilé náà ní Camden Road ní ọdún 1933. Ohun tí mo rí nínú ìtàn yìí ni pé ara rẹ̀ wà nínú ohun tí ó sọ. Òun náà ti kan ilẹ̀kùn. Kò sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí àlejò tí ó wo inú yàrá ẹlòmíràn. Ó sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ni ín.

Nítorí náà mo pinnu báyìí: ohun tí mo rí ní òde ìlú, nínú bọ́ọ̀sì, ní ọjà àti nínú òfin, ti gbogbo ènìyàn ni, ẹ̀ṣẹ̀ mi sì ni pé mo fi ìdajì rẹ̀ pamọ́ ní alẹ́ ọjọ́ tí mo dé. Ohun tí mo rí nínú yàrá, ti ọ̀rẹ́ mi ni. Kò sí ẹni tí ó lè sọ ọ́ bí kò ṣe òun. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni nǹkan ni a ń dá lẹ́bi bí nǹkan náà bá pa ènìyàn. Mo pè é lórí tẹlifóònù, mo sọ ti ṣọ́ọ̀bù fún un. Ó dákẹ́ pẹ́ tí mo fi rò pé ìlà ti já. Lẹ́yìn náà ó bínú: ó ní mo ti lọ sọ̀rọ̀, mo ní n kò sọ. Ó ní ta ni mo fẹ́ kí òun jẹ́ níwájú ìyá òun, olùkọ́ tí ó di agbálẹ̀? Mo bi í pé ìtìjú wo ni ó wà nínú wíwẹ arúgbó, àwa tí a ń wàásù nípa fífọ ẹsẹ̀. Ó ní, "Ìwọ ni ò ń wàásù rẹ̀. Èmi ni mò ń fọ̀ ọ́." N kò ní èsì sí èyí, n kò sì tí ì ní i di òní.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ó pe ìyá rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un àti fún àbúrò rẹ̀. Èmi kò sí níbẹ̀. Ìyá náà ni ó sọ fún mi nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ń bó ẹ̀wà, kò gbójú sókè. Ó ní, "Olùkọ́, ẹ rò pé n kò mọ̀? Láti ọdún kejì, agogo márùn-ún ìdájí ni ọmọ mi máa ń pè mí, mo sì ń gbọ́ ìró ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ta ni í lọ sí ọ́fíìsì ní wákàtí yẹn? Mo ń dúró kí ó sọ ọ́ fún mi ni." Ó wá fi ẹ̀wà lé ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, "Ẹ̀yin ni mo bi léèrè ní tààrà, tí ẹ ní iṣẹ́ ń lọ." Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n dìde, ṣùgbọ́n kò sọ pé kò sí ohun tí mo ṣe.

Wọn kò ta ṣọ́ọ̀bù náà. Kì í ṣe pé ọmọkùnrin náà gbà tán. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun kàn ń gbé ìgbé ayé àpọ́n ni, pé òun yóò ṣe é dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó jókòó tì mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a mú bébà rẹ̀ náà, a sì kọ owó yàrá, owó bọ́ọ̀sì, owó iná àti owó orí sí apá kejì, èyí tí ó ti fi sílẹ̀ ní òfìfo. Ó ká a, ó fi sápò. Nígbà tí ó sì di ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2025, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ ìtọ́jú náà pátápátá fún àwọn tí a fẹ́ gbà tuntun láti òkèèrè. Ó wá sí ọ̀dọ̀ mi ní ọ̀sẹ̀ náà. Mo rò pé ó wá dúpẹ́ ni. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ ẹnìkan ní Kánádà?" Mo ní mo mọ ẹnìkan níbẹ̀, ṣùgbọ́n pé n kò ì tí ì sùn nínú yàrá rẹ̀.